Lonnie Johnson: ọ̀gá gìtá blues tí a kò fún ní ipò rẹ̀

Alágbàpamọ́-Àwo (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà onígìtá blues, orin àwọn dúdú Amẹ́ríkà, bá délẹ̀ láàárín wa, Robert Johnson àti B.B. King ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn wọn Muddy Waters àti John Lee Hooker. N kò bá ẹnikẹ́ni du oyè wọn, ó tọ́ sí wọn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹni tí àwọn méjì àkọ́kọ́ yìí fetí sí àwo rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò fi gìtá tiwọn ṣe, ìyẹn Lonnie Johnson ọmọ New Orleans, kì í rí ju gbólóhùn kan gbà lẹ́nu wa. Mo fẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ilé olórin ni wọ́n bí i sí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ti mọ fayolíìnì lò dáadáa kí a tó mọ̀ ọ́n sí onígìtá. Ní 1917, ó bá ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan sọdá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí yóò fi padà délé ní 1919, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn baba wa níbí pè ní lùkúlùkú ti wọ New Orleans, ó sì ti kó gbogbo ìdílé rẹ̀ lọ, àfi James arákùnrin rẹ̀. Òun àti James kó lọ sí St. Louis, ó ń ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń ná odò Mississippi, títí di 1925 tí ó wọ ìdíje orin blues ní gbọ̀ngàn Booker T. Washington Theatre ní ìlú náà. Ó borí, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Okeh tí ń ṣe àwo. Láti ìgbà náà títí di 1932, nǹkan bí 130 orin ni ó gbà sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan gbogbo wa ni èyí: ní àkókò tí gìtá nínú àwo blues kò ju ohun tí ń gbé olórin lẹ́sẹ̀ lọ, ọkùnrin yìí wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú un dìde kí òun náà dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ, ní títa okùn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kọrin. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní gìtá blues lónìí, ara rẹ̀ ni apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Kí ló dé tí a kò fi mọ̀ ọ́n?

Onígìtá-Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Gìtá ni mo ń ta jẹun, nínú ẹgbẹ́ jùjú ní Ìbàdàn, nítorí náà ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ni n ó fi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbé "Hotter Than That" sétí, èyí tí Louis Armstrong, afọnfèrè jáàsì, àti ẹgbẹ́ Hot Five rẹ̀ gbà sílẹ̀ ní Chicago ní oṣù Kejìlá 1927. Lonnie kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà, àlejò ni wọ́n pè é wá ṣe. Nígbà tí Armstrong gbé fèrè kúrò lẹ́nu, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn lásán ṣeré láìsọ ọ̀rọ̀ kan tí ó nítumọ̀, àwọn ohun èlò yòókù dákẹ́, ó wá ku òun àti gìtá Lonnie nìkan. Lákọ̀ọ́kọ́, gìtá ń bá a mú àkókò. Nígbà tí ó yá, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn: Armstrong á ju ẹyọ gbólóhùn kan sílẹ̀, Lonnie á hán an, á gbé e gba ibi tí ohùn gbé e gbà gan-an, á tẹ ibi tí ó tẹ̀, á sì dá a padà fún un. Ẹni tí ó bá ti rí ìyáàlù níbi tí ó ti ń bá akéwì sọ̀rọ̀ yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ rántí pé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ yìí ni olórin jáàsì tí ó yára jù lọ ní ayé nígbà náà, kò sì sí ibi kan tí gìtá ti dúró ronú.

Ohun tí ó kàn mí jù ni ọwọ́ òsì rẹ̀. Bí ó bá tẹ okùn mọ́lẹ̀, kì í kàn fi ìka sílẹ̀ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mi ín kí ohùn lè gbọ̀n bí ohùn ènìyàn, ó sì máa ń ti okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ohùn náà lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ fayolíìnì ni ó gbé wá sórí gìtá. Gbogbo ẹni tí ń ta lead (gìtá tí ń ṣáájú) nínú blues lónìí ni ó ń ṣe nǹkan méjèèjì yìí, ó pọ̀ nínú wọn tí kò mọ ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1928, Duke Ellington, olórí ẹgbẹ́ jáàsì ńlá, náà pè é wá sínú orin "The Mooche", ẹ ó sì gbọ́ gìtá rẹ̀ tí ó ń rìn láàárín àwọn fèrè tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọnù sí wọn lára. Onígìtá blues mélòó ni Armstrong àti Ellington jọ ránṣẹ́ pè láàárín ọdún kan?

Akọ̀tàn-Orin

Mo fẹ́ fi Eddie Lang kún ohun tí ọ̀gá wa sọ. Ọmọ Philadelphia ni Lang, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ítálì, òun sì ni ọ̀gá onígìtá láàárín àwọn olórin aláwọ̀ funfun ìgbà náà. Láti ìparí 1928 sí 1929, òun àti Lonnie jókòó papọ̀, wọ́n sì gba orin oní-gìtá-méjì sílẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí àwo fi hàn pé dúdú àti funfun jọ ṣeré, orúkọ tí wọ́n kọ sí i fún Lang ni "Blind Willie Dunn". Kò fọ́jú, kò sì jẹ́ Willie. Wọ́n kàn fún un ní orúkọ tí àwọn oníbàárà yóò rò pé ti dúdú ni. Nínú àwọn orin náà, Lang ni ó sábà máa ń mú ìdí orin dání tí Lonnie sì ń fò lókè rẹ̀. Ẹni tí ayé kà sí ọ̀gá ni ó ń gbé e lẹ́sẹ̀, mo sì gbà pé Lang fúnra rẹ̀ mọ ìdí tí òun fi gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n bi wá, èrò mi ni pé aṣọ tí ó wọ̀ àti ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá blues kiri ní àwọn ọdún 1960, àgbẹ̀ olóhùn líle láti inú oko òwú ni wọ́n ń wá, ẹni tí wọ́n lè sọ pé ìlú kò tí ì bà jẹ́. Ọmọ ìlú ńlá ni Lonnie. Kóòtù àti táì ni ó ń wọ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì fẹ́ràn láti máa kọ orin ìfẹ́. Robert Johnson bá àwòrán tí wọ́n ní lọ́kàn mu, ó sì ti kú láti 1938, kò sí níbẹ̀ láti já wọn ní koro. Bẹ́ẹ̀ ni Robert fúnra rẹ̀ kò fi ẹni tí ó ń tẹ̀ lé pamọ́: ẹ gbọ́ "Malted Milk" àti "Drunken Hearted Man" tí ó gbà sílẹ̀ ní 1937, ọwọ́ Lonnie ni láti orí dé ìdí. Johnny Shines tí òun àti Robert jọ rìnrìn àjò tilẹ̀ ròyìn pé ó máa ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ẹbí Lonnie ni òun.

Bàbá-Àgbà-Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí apá kejì, nítorí ìyìn nìkan kò tó. Mo ní púpọ̀ nínú àwo ọkùnrin yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ bí ogún orin rẹ̀ tẹ̀ léra yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni ó fi ń wọlé sí èyí tí ó pọ̀ nínú wọn: ohùn gìtá kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà kan náà ní òpin ẹsẹ. Bákan náà, "Tomorrow Night" tí ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe blues rárá. Orin ìfẹ́ tí àwọn méjì kan kọ fún ọjà ní 1939 ni. Bí àwọn olùfẹ́ blues bá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó ní ìdí.

Alágbàpamọ́-Àwo (Abẹ́òkúta)

Bàbá, mo gbọ́ yín, òtítọ́ sì ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn. Ọjọ́ kan ni wọ́n sábà máa ń mú olórin wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ nígbà náà kí ó kọ orin púpọ̀ papọ̀, owó tí wọ́n bá sì san fún un lórí orin kọ̀ọ̀kan ti parí síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe 130 orin lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò ní ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ibi tí ó yẹ kí á ti wọ̀n ọ́n ni àárín orin, níbi tí ó ti fi ohùn sílẹ̀ tí ó jẹ́ kí gìtá máa lọ. Níbẹ̀, n kò tí ì gbọ́ kí ó tún ara rẹ̀ sọ bí ẹ ṣe wí.

Ní ti "Tomorrow Night", mo bẹ̀ yín, ẹ wo ibi tí ó ti ń bọ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lẹ́yìn 1929, ọjà àwo wó mọ́ ọn. Onígìtá tí ó bá Armstrong àti Ellington ṣeré lọ ń ṣe iṣẹ́ alágbára ní ilé-iṣẹ́ irin ní Illinois kí ó lè jẹun. Ó padà sídìí orin ní Chicago ní ìparí àwọn ọdún 1930, ó sì wá gba orin yìí sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ King ní Cincinnati ní ìparí 1947. Ní 1948, ó lo ọ̀sẹ̀ méje ní ipò kìíní lórí àtẹ tí ìwé ìròyìn Billboard yà sọ́tọ̀ fún orin àwọn dúdú, àwọn funfun náà sì ra á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ àtẹ tiwọn. Elvis Presley gbà á sílẹ̀ ní Memphis lẹ́yìn náà, nígbà tí kò tí ì di ẹni tí ayé mọ̀. Ẹni tí ebi ti lé kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rí, tí ó sì mọ orin ìfẹ́ kọ tó báyìí, kò sí ìdí tí n ó fi bá a wí pé kò kọ blues nìkan.

Bí ẹ bá sì ń wá blues tí ó korò, ó wà níbẹ̀. Ní 1927, odò Mississippi kún bo ilẹ̀, wọ́n sì fi ìbọn kó àwọn ọkùnrin dúdú lọ ṣiṣẹ́ lórí ògiri tí ń dá omi náà dúró. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Lonnie kọ "Broken Levee Blues". Ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé òun kò ní ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ronú nípa dúdú tí ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwo ní 1928. Ohùn mímọ́ gaara tí wọ́n fi ń bú u ni ó jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ketekete.

Bàbá-Àgbà-Òṣogbo

Mo ti gbọ́ tẹnu yín. Èmi ṣì fẹ́ràn àwọn orin ìgbà Okeh ju gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e lọ, ìyẹn kò sì ní yí padà.

Ọmọ-Ọ̀yọ́-Àlàáfíà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ǹjẹ́ a kò lè sọ pé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá ni gbogbo èyí ti ṣẹ̀? New Orleans ni wọ́n ti bí i, ilẹ̀ wa sì ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Akọ̀tàn-Orin

Àbúrò, ó dára kí á ṣọ́ra. Àwọn tí wọ́n fara balẹ̀ wá gbòǹgbò blues sábà máa ń tọ́ka sí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, Gáḿbíà àti Málì, níbi tí ohun èlò olókùn ti pọ̀ láti ayébáyé. Kúbà àti Bùràsíìlì ni orin tiwa ti fìdí múlẹ̀ jù, nídìí ìlù àti òrìṣà. N kò fẹ́ kí á bu ọlá fún Lonnie Johnson nítorí pé a rò pé ọmọ wa ni.

Ìyá-Ìbejì-Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò tí ì dárúkọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ní ìlú tí mo wà yìí. Ó padà wá ṣeré níbí ní 1952. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Anthony Donegan, tí ó fẹ́ràn orin rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀, tí ó sì di Lonnie Donegan. Donegan yìí ni ó gbé orin tí wọ́n ń pè ní skiffle, tí wọ́n ń fi gìtá àti ohun èlò inú ilé lásán ṣe, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Bìrìtìkó ní àárín àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ skiffle sì ni John Lennon kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Liverpool kí ó tó di Beatles. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ń yin Beatles ni ó mọ ẹni tí Donegan gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó tún wá sí Yúróòpù ní 1963 pẹ̀lú ẹgbẹ́ American Folk Blues Festival, níbi tí òun, Muddy Waters, Sonny Boy Williamson àti Victoria Spivey ti jọ rìn. Àwọn ará Jámánì ya fíìmù wọn fún tẹlifíṣọ̀n, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Gìtá oníná ni ó gbé kọ́rùn, Otis Spann wà nídìí dùùrù, Willie Dixon gbá báàsì mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà, síbẹ̀ nígbà tí ó dé ibi tí gìtá yóò ti dá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà, kò fa ara, kò di ojú, ìka nìkan ni ó ń sáré. Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó ni inú ń bí mi pé ọmọ mi tí ń kọ́ gìtá ní ilé-ìwé kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ kankan.

Ọmọ-Ìjẹ̀bú-Toronto

Màmá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ wa ní Kánádà ni ó ti lo ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí a mẹ́nu kan 1959. Ní ọdún náà, Chris Albertson, tí ó ń ṣe ètò orin lórí rédíò ní Philadelphia, wá a kàn níbi tí ó ti ń ṣe agbálẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Benjamin Franklin. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí orin rẹ̀ jókòó sí ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ méje. Albertson ni ó mú un padà wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, àwo tuntun sì jáde ní 1960. Lẹ́yìn náà ni Bob Dylan, tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé olórin ní New York, pàdé rẹ̀; nínú ìwé tí Dylan kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí ó jáde ní 2004, ó sọ pé Lonnie ni ó kọ́ òun ní ọ̀nà ìta gìtá kan tí òun padà sí nígbà tí iṣẹ́ orin fẹ́ sú òun.

Ó dé Toronto ní 1965, ìlú náà sì wù ú. Ó tilẹ̀ ṣí ibi ìgbafẹ́ tirẹ̀ ní àdúgbò Yorkville, ṣùgbọ́n òwò náà kò dúró. Ní oṣù Kẹta 1969, ó ń rìn jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ kan fi gun orí ibi tí ó wà, ó sì gbá a. Ó fara pa púpọ̀. Àwọn olórin ṣe eré láti fi kówó jọ fún un, John Lee Hooker wà lára wọn. Ní oṣù Kejì 1970, ó jáde lẹ́ẹ̀kan sí i sórí ìtàgé ní Massey Hall, Buddy Guy sì ta gìtá fún un láti fi gbe orin rẹ̀. Inú oṣù Kẹfà ọdún náà ni ó kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá wò níbẹ̀ ni Buddy Guy. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, òun ni gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó ń ta gìtá fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́-Gìtá

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, mo dúpẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, gìtá B.B. King ni mo ń gbìyànjú láti mọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Lonnie Johnson, láìṣe pé mo gbọ́ 130 orin?

Onígìtá-Mọ́kọ́lá

Bí ó bá jẹ́ pé B.B. King ni o ń tẹ̀ lé, o ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, nítorí láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ Lonnie lórí ẹ̀rọ àwo ìbátan rẹ̀ obìnrin kan ní Mississippi, kò sì fi í pamọ́ títí ó fi kú. Kọ́kọ́ gbọ́ àwọn orin tí kò ní ohùn ènìyàn nínú, bí "Playing with the Strings" ti 1928, kí etí rẹ má bàa sá lọ sídìí ọ̀rọ̀. Má ṣe gbé gìtá rẹ sọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mú gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀, kí o sì máa ta á lórí okùn kan náà láìyí ọwọ́ padà, títí tí gbígbọ̀n ìka rẹ yóò fi bá tirẹ̀ dọ́gba.

Alágbàpamọ́-Àwo (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, ohun tí ọ̀gá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Lẹ́yìn rẹ̀, wá àwọn orin tí òun àti Eddie Lang jọ ta, kí o fi etí kan tẹ̀ lé Lang ní ìgbà àkọ́kọ́, kí o sì tẹ̀ lé Lonnie ní ìgbà kejì. "Hotter Than That" ni kí o fi tẹ̀ lé e. "Tomorrow Night" ni kí o gbọ́ kẹ́yìn, nígbà tí o bá ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, kí o lè gbọ́ bí ó ṣe mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù níbẹ̀. Àwọn àwo wọ̀nyí wà lọ́dọ̀ mi. Bí èyíkéyìí bá nira láti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀wé sí mi níbí.